Ẹ Má Fún Télọ̀ Ní Gbogbo Yáàdì Mẹ́fà

Tẹ́ ẹ bá dúró sí Beresford Square ní Woolwich ní ọ̀sán Sátidé, níbi tí bọ́ọ̀sì ti ń já èrò sílẹ̀ tí ọjà sì kún, àǹkárá lẹ óò máa rí lọ́tùn-ún lósì. Wọ́n fi rán gáùn, wọ́n fi rán síkẹ́ẹ̀tì, wọ́n fi rán jákẹ́ẹ̀tì tí ọ̀dọ́mọkùnrin wọ̀ sórí ṣòkòtò jíńsì. Wọ́n fi ṣe àpò, wọ́n fi ṣe bàtà. Ohun tẹ́ ẹ máa wá títí kí ojú yín tó rí i ni ìró fúnra ẹ̀: aṣọ yáàdì méjì tí abẹ́rẹ́ ò kàn, tí obìnrin ró mọ́ ìdí, tó ki etí ẹ̀ bọ ẹ̀gbẹ́, tó sì bá tirẹ̀ lọ.

Kì í ṣe pé ìró ti tán láàárín wa o. Ó wà, ṣùgbọ́n aṣọ òde ló dà. Ọjọ́ ìkómọ, ọjọ́ ìgbéyàwó, ọjọ́ tí ẹnì kan bá pé àádọ́ta ọdún tó gba họ́ọ̀lù, ọjọ́ yẹn ni lésì máa ń jáde látinú àpótí. Tí òde bá ti parí, inú àpótí náà ló ń padà sí. Kódà, ìró òde ọ̀hún gan-an, àwọn télọ̀ ti ń fi síìpù àti ìkọ́ sí i báyìí, kí ẹni tó fẹ́ lò ó kàn kó sínú ẹ̀ bí ẹni tó kó sínú síkẹ́ẹ̀tì. Gèlè náà ti di ohun tí wọ́n ń wé sílẹ̀ bíi fìlà. Mi ò bá wọn jà. Ẹni tó ní ọmọ mẹ́ta láti múra fún láàárọ̀ Sọ́ńdè, tó sì gbọ́dọ̀ sáré wọ bọ́ọ̀sì láti Thamesmead lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, síìpù á ràn án lọ́wọ́. Ohun tó ń dùn mí ni pé ìró tí wọ́n bá ti rán, iṣẹ́ kan péré ló kù tó lè ṣe. Èyí tí wọn ò rán, tẹ́ ẹ bá ń ka iṣẹ́ ọwọ́ ẹ̀, ìka yín á tán.

Ẹ wo àwọn òyìnbó. Tí ìgbà ooru bá ti ń bọ̀, ìwé ìròyìn wọn á bẹ̀rẹ̀ sí í gba èèyàn nímọ̀ràn pé ẹni tó bá ń rìnrìn àjò, kó má gbàgbé sarong. Wọ́n á ní kó fi bora nínú ọkọ̀ òfurufú, kó fi jókòó létí òkun, kó fi nu ara, kó so ó mọ́ ọrùn bíi gáùn. Wọ́n á ya àwòrán oríṣiríṣi ọ̀nà tí wọ́n fi ń so ó. Ẹ̀rín ló máa ń pa mí. Ìyá wo ní Ìbàdàn tàbí Ìjẹ̀bú-Òde ni kò mọ gbogbo ìyẹn kí wọ́n tó bí ẹni tó kọ ọ́? Sarong tí wọ́n ń sọ yìí, ọ̀rọ̀ àwọn ará Malaysia àti Indonesia ni, ohun tí wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀ sì ni àkọ̀, irú àkọ̀ tí idà ń wọ̀. Mọ̀lẹ́bí ìró ni. Àwọn ará Kẹ́ńyà àti Tàǹsáníà ń pe tiwọn ní kanga, wọ́n sì máa ń tẹ òwe èdè Swahili sí etí ẹ̀, débi pé obìnrin lè fi aṣọ bú orogún ẹ̀ láì la ẹnu. Àwọn ará Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò ń pè é ní pagne, àwọn ará Sàró ń pè é ní lappa. Ká má tiẹ̀ lọ jìnnà: àwọn ọkùnrin Sòmálíà tó ń gbé ní Woolwich níbí, tí wọ́n bá ti dé ilé, ṣòkòtò á bọ́ sílẹ̀, macawis ni wọ́n á ró. Wọn ò kà á sí aṣọ obìnrin, ojú ò sì tì wọ́n.

Àǹkárá tí àwa ń ró gan-an, láti ọ̀dọ̀ àwọn ará Indonesia yìí ni bí wọ́n ṣe ń ṣe é ti wá. Ìda ni wọ́n fi ń ya ọnà sí ara aṣọ ní erékùṣù Java kí wọ́n tó ri í bọ aró, kí aró má baà mu ibi tí ìda wà. Àwa náà mọ irú ẹ̀, ẹ̀kọ la fi ń ya adìrẹ ẹlẹ́kọ. Àwọn ará Netherlands tó ń ṣàkóso ibẹ̀ nígbà yẹn wá ń fi ẹ̀rọ ṣe àfarawé ẹ̀. Ọ̀kan nínú ilé iṣẹ́ wọn, Vlisco ti ìlú Helmond, ti wà láti ọdún 1846. Aṣọ ẹ̀rọ náà ò fi bẹ́ẹ̀ wu àwọn ará Java, torí ìda tó ń sán lára ẹ̀ ń fi ìlà wẹ́wẹ́ sílẹ̀. Nígbà tó wá dé Gold Coast àti gbogbo etíkun wa níparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ìlà wẹ́wẹ́ yẹn gan-an ló wu àwọn ìyá wa. Ní Lomé, àwọn obìnrin tó ń tà á lówó débi pé Nana Benz ni wọ́n ń pè wọ́n, torí mọ́tò Mercedes tí wọ́n fi ń ṣẹsẹ̀ rìn.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ rí ìtàn yìí lójú kòrókòró, ẹ wọ bọ́ọ̀sì 177 láti Thamesmead tàbí Woolwich, kẹ́ ẹ sọ̀ kalẹ̀ ní Greenwich. Níta National Maritime Museum, ẹ óò rí ìgò ràgàjì kan tí ọkọ̀ ojú omi wà nínú ẹ̀. Yinka Shonibare ló ṣe é, ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí ní Lọ́ńdọ̀nù tó sì dàgbà sí Èkó. Àfarawé ọkọ̀ ogun Nelson ni, ṣùgbọ́n ìgbòkun ẹ̀ mẹ́tàdínlógójì, aṣọ aláràbarà bíi àǹkárá ni. Trafalgar Square ni wọ́n kọ́kọ́ gbé e sí ní 2010 kí wọ́n tó gbé e wá sí Greenwich ní 2012. Kọ́bọ̀ kan ò ní jáde lápò yín kẹ́ ẹ tó wò ó. Ẹ mú àwọn ọmọ dání.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká padà sórí iṣẹ́ ọwọ́ ìró. Ẹni tó bá dàgbà sílé á rántí. Ìyá tó ń ti oko tàbí ọjà bọ̀, tí ẹrù bá dé sí i lójijì, á tú ìró òkè, á ká a rìbìtì, ó di òṣùká nìyẹn, igbá á sì jókòó lé e. Owó tó pa lọ́jọ́ náà, etí ìró ló ta á ní kókó sí, kò sì sí jàgùdà tó máa tú kókó yẹn kí ìyá má mọ̀. Òjò dé, ó fi bo orí. Àlejò dé tí kò sí yàrá, ó ta á mọ́ okùn, ó di ìkélé. Ọmọ sùn, ó tẹ́ ẹ sílẹ̀ ó tún ṣẹ́ apá kan ẹ̀ bò ó. Oúnjẹ wà nínú abọ́ tó fẹ́ gbé lọ fún aláìsàn, ó fi di í. Tó bá wá gbó, wọ́n á gé e fi ṣe ìlédìí ọmọ, wọ́n á gé e fi ṣe aṣọ ìnulẹ̀. Àwọn àgbà tó ní bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà, wọn ò sọ̀rọ̀ àkísà bí ohun ẹ̀gàn. Ohun èlò ni wọ́n kà á sí.

Kì í ṣe iṣẹ́ ilé nìkan náà. Olóyè Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kútì tó kàwé ní England níbí, nígbà tó ń kó àwọn obìnrin Abẹ́òkúta jọ ní àwọn ọdún 1940 láti kọ owó orí, ó pa gáùn òyìnbó tì, ó ní ìró àti bùbá lòun á máa wọ̀, kí àwọn ìyá ọlọ́jà lè mọ̀ pé ọ̀kan nínú wọn lòun. Nígbà tó fi máa di oṣù kìíní ọdún 1949, Aláké ti sọ̀ kalẹ̀ lórí ìtẹ́. Kò sẹ́ni tó máa sọ pé aṣọ ló lé ọba o, ṣùgbọ́n ẹni tí aṣọ ẹ̀ bá jọ tèmi, mo lè gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹ̀ dáadáa.

Àwa tá a wà lókè òkun níbí wá ńkọ́? Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí ìrìn àjò, torí gbogbo wa là ń lọ sílé.

Ẹni tó bá ti wọ ọkọ̀ òfurufú láti Heathrow tàbí Gatwick lọ sí Èkó mọ bí ìnira kílò ṣe rí. Kílò mẹ́tàlélógún ni ọ̀pọ̀ wọn ń gbà fún àpò kan, bàtà ẹ̀gbọ́n àti ọṣẹ àbúrò á sì ti jẹ gbogbo ẹ̀ tán. Ìró yáàdì méjì tó jẹ́ òwú kò tó ìdajì kílò. Ẹ ká a sínú àpò ọwọ́. Nínú ọkọ̀, nígbà tí òtútù bá bẹ̀rẹ̀ sí í jáde látòkè bíi ti fíríìjì, ẹ óò fi bora, ẹ ò ní máa wo ojú òṣìṣẹ́ ọkọ̀ fún búláńkẹ́ẹ̀tì tín-ín-rín kan. Ẹni tó ń fún ọmọ lọ́mú á fi bo èjìká. Ẹni tí tikẹ́ẹ̀tì olówó pọ́ọ́kú gbà lọ gba Addis Ababa tàbí Casablanca, tó máa fi wákàtí méje jókòó sí pápákọ̀, á ká a ṣe ìrọ̀rí, tàbí kó tẹ́ ẹ sórí kápẹ́ẹ̀tì fún ọmọ. Tí ọkọ̀ bá gúnlẹ̀ tí àpò yín ò sì bá a dé, ó kéré tán ẹ ní ohun tẹ́ ẹ máa ró sùn lálẹ́ ọjọ́ náà tí wọ́n bá fọ èyí tó wà lọ́rùn yín. Tí síìpù àpò bá sì já lórí ẹ̀rọ tó ń gbé ẹrù jáde, mo ti rí ìyá tó tú ìró òkè, tó fi gbá àpò náà lọ́jàá pinpin bí ẹni gbá ìdí ọmọ. Ó dé ilé láì jẹ́ pé pàǹtí kan jábọ́.

Ti ọmọ tó ń lọ sí yunifásítì tún yàtọ̀. Ìkòkò, ìrẹsì, gààrí, ata gígún, gbogbo ẹ̀ la máa ń dì fún wọn. Ẹ fi ìró kan sí i. Àwọn ilé tí akẹ́kọ̀ọ́ ń gbé, agogo iná máa ń dún níbẹ̀ láàjìn torí ẹnì kan tó jó búrẹ́dì, gbogbo wọn á sì tú jáde síta nínú òtútù pẹ̀lú aṣọ tó wà lára wọn. Ẹni tó bá nawọ́ fa ìró níbi orí bẹ́ẹ̀dì kó tó jáde, ó ti bo àṣírí, ó ti bo òtútù. Balùwẹ̀ tó jẹ́ ti àjùmọ̀lò náà wà ńbẹ̀: tówẹ̀lì kì í yí obìnrin ká tán, ìró á yí i ká lẹ́ẹ̀kan àtààbọ̀.

Ọsibítù ńkọ́? Ẹ̀wù tí wọ́n ń fún aláìsàn, ẹ̀yìn ló máa ń ṣí sí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti wọ̀ ọ́ rí, mi ò ní sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Aláboyún tó ń rìn kiri wọ́ọ̀dù láti jẹ́ kí ọmọ sọ̀ kalẹ̀, tó bá ró ìró sórí ẹ̀wù yẹn, ara ẹ̀ á balẹ̀, nọ́ọ̀sì náà á sì lè ṣí i kíá tó bá fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ mú èyí tó ti rọ̀ dáadáa, tí ìdọ̀tí tó bá bá a ò ní dùn yín.

Ọ̀rọ̀ ọmọ pípọ̀n ni mo fẹ́ dúró sí díẹ̀, torí ibẹ̀ ni nǹkan ti ń bọ́ mọ́ wa lọ́wọ́. Ìyá ìyá ọmọ tàbí ìyá bàbá ọmọ ló máa ń wá láti ilé nígbà tí ìyàwó bá bímọ. Á wẹ ọmọ, á se ọbẹ̀ ata gbígbóná, á sì fi bí wọ́n ṣe ń gbé ọmọ pọ̀n han ìyá tuntun, tọwọ́ tẹsẹ̀, láìsí ìwé. Oṣù mẹ́fà ni físà àbẹ̀wò ń fúnni. Ìyẹn tó bá bọ́ sí i o. Ọ̀pọ̀ ìyá ni wọn ò fún ní físà, àwọn mìíràn ń ṣòwò tí wọn ò lè fi sílẹ̀, àwọn mìíràn ò sí láyé mọ́. Ìyá tuntun á wá wà lókè ilé alájà ní Thamesmead pẹ̀lú ọmọ tó ń ké, ọkọ á ti lọ síbi iṣẹ́ alẹ́, kẹ̀kẹ́ ọmọ á wà nísàlẹ̀, lífíìtì á sì ti bàjẹ́. Bẹ́ẹ̀ ìró wà nínú àpótí lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, kò kàn mọ bó ṣe máa gbé ọmọ sẹ́yìn láìsí ẹni tó máa bá a di ọmọ mú ni. Ó ń lọ sórí fóònù lọ wo fídíò. Ìyẹn náà dára, ṣùgbọ́n fídíò ò lè na ọwọ́ bá yín gbé ìdí ọmọ sókè.

Fún ẹni tó fẹ́ kọ́ ọ, bó ṣe rí rèé. Ọmọ tó bá ti lè gbé ọrùn dúró fúnra ẹ̀ dáadáa lẹ máa pọ̀n sẹ́yìn. Èyí tó kéré jù bẹ́ẹ̀ lọ, iwájú ni kó wà, níbi tẹ́ ẹ ti lè rí ojú ẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́, ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì ni kẹ́ ẹ dúró sí, kẹ́ ẹ sì ní ẹnì kan lẹ́yìn. Ẹ bẹ̀rẹ̀ títí ẹ̀yìn yín á fi tẹ́ bíi tábìlì. Kí àyà ọmọ lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn yín, kí ẹsẹ̀ ẹ̀ méjèèjì ya gba ẹ̀gbẹ́ ìbàdí. Ẹ ju ìró bò ó, kí etí òkè dé abẹ́ apá ẹ̀. Ẹ fà á wá síwájú, apá kan lórí èkejì, lókè ọmú, ẹ fún un pinpin, kẹ́ ẹ yí i kẹ́ ẹ sì kì í bọ inú. Ẹ fa etí ìsàlẹ̀ náà kọjá lábẹ́ ìdí ọmọ, kó jókòó sínú ẹ̀ bí ẹni jókòó sínú àpò. Lẹ́yìn náà ni ọ̀já, yí ìdí ọmọ ká, kó wá di kókó níwájú níbi ìbàdí. Ẹ nàró díẹ̀díẹ̀. Ẹ gbọnra wò. Tí ọmọ bá ń yọ̀ wálẹ̀, ẹ tú u, kẹ́ ẹ bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Tó bá dúró dáadáa, láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan orí á ti sùn sí ẹ̀gbẹ́ kan, ẹ óò sì ní ọwọ́ méjì láti fi ṣiṣẹ́.

Àwọn òyìnbó tó ń fi aṣọ gbé ọmọ níbí ní òfin tí wọ́n ń pè ní TICKS, ó sì bá ohun tí àwọn ìyá wa ń wí mu: kó fún pinpin, kẹ́ ẹ máa rí ojú ọmọ, kí orí ẹ̀ sún mọ́ yín débi tẹ́ ẹ lè fi ẹnu kàn án, kí àgbọ̀n ẹ̀ má tẹ̀ mọ́ àyà, kí ẹ̀yìn ẹ̀ ní ohun tó dì í mú. Ti rírí ojú àti fífi ẹnu kan orí, ti ọmọ iwájú ni. Ẹni tó pọn ọmọ sẹ́yìn, kó máa lo dígí tàbí kó ní kí ẹlòmíì bá òun wò ó lóòrèkóòrè. Ẹ má wọ̀ ọ́ láṣọ púpọ̀ kẹ́ ẹ tó pọ̀n ọ́n, torí ooru ara yín ń mú un, ìró náà sì jẹ́ aṣọ kan. Ẹ má pọ̀n ọ́n dín àkàrà. Nínú mọ́tò, ẹ tú u sílẹ̀, ìjókòó ọmọ ni kó wà. Òfin ìlú yìí ò gba ọmọ lẹ́yìn ìyá nínú mọ́tò ara ẹni.

Ohun kan wà tí mo tún máa ń rí tí kì í jẹ́ kọ́kàn mi balẹ̀. Tí oòrùn bá mú ní oṣù keje, àwọn ìyá á ta ìró bo kẹ̀kẹ́ ọmọ pátápátá, wọ́n á ní kí oòrùn má pa á. Inú kẹ̀kẹ́ yẹn á gbóná bí ààrò, atẹ́gùn ò ní wọlé, ìyá ò sì ní rí ojú ọmọ. Lullaby Trust, àjọ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ ọwọ́ tó ń kú lójú oorun, ti kìlọ̀ lórí ẹ̀. Àbùradà ẹlẹ́mọ̀ọ́ tí wọ́n ń so mọ́ kẹ̀kẹ́ ni kẹ́ ẹ lò, tàbí kẹ́ ẹ rìn lábẹ́ ibòòji. Bákan náà, ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan, kẹ́ ẹ má fi ìró bò ó wọ̀ọ̀rọ̀wọ́ nínú bẹ́ẹ̀dì ẹ̀, kó má baà fà á bo imú. Iṣẹ́ pọ̀ lọ́wọ́ ìró, ṣùgbọ́n méjì yìí kì í ṣe iṣẹ́ ẹ̀.

Ẹ̀yin ọkùnrin tẹ́ ẹ ti ń ṣí ojú ewé kejì, ẹ dúró ná. Bàbá wo lẹ mọ̀ nílé tí kì í ró aṣọ tó bá wẹ̀ tán lálẹ́, tó wá jókòó sí ìta gba atẹ́gùn? Àwọn Mùsùlùmí inú yín mọ̀ pé lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá gbé aṣọ ìhúráámì wọ̀ fún Háájì, aṣọ méjì tí abẹ́rẹ́ ò kàn ni, ọ̀kan ní ìdí, ọ̀kan ní èjìká. Èyí tó wà ní ìdí yẹn, kí la fẹ́ pè é bí kò ṣe ìró? Ẹni tí kò ró aṣọ rí láyé ẹ̀ á wá máa fi ọwọ́ di ìbàdí mú yí Kaaba po nígbà méje nínú èrò rẹpẹtẹ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń lọ kírun ní mọ́ṣáláṣí Plumstead Road, tí ọdún Háájì yín bá ti ń sún mọ́lé, ẹ máa ró aṣọ nílé lálẹ́ fún oṣù kan kẹ́ ẹ tó gbéra. Tó bá fi máa di ọjọ́ náà, ìbàdí á ti mọ̀ ọ́n.

Bí kò ṣe ní tú náà ò ṣòro. Ẹ fa aṣọ yí ara ká, kí apá kan gùn ju èkejì lọ. Ẹ mú èyí tó kúrú mọ́ ẹ̀gbẹ́ ìbàdí, ẹ wọ́ èyí tó gùn kọjá lórí ẹ̀, kó le. Níbẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣàṣìṣe: wọ́n á kàn ki etí bọ inú. Ẹ kọ́kọ́ ṣẹ́ etí òkè náà po lẹ́ẹ̀mejì, kó nípọn, kẹ́ ẹ wá kì í. Ibi tó nípọn yẹn ló ń di ara ẹ̀ mú. Tẹ́ ẹ bá ń lọ síbi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́, ẹ wọ yẹrì sábẹ́. Ẹnikẹ́ni tó bá ti fi ẹsẹ̀ rìn létí odò Thames ní Thamesmead nínú oṣù kẹta, tàbí tó dúró síta lórí Woolwich Ferry, mọ ohun tí mò ń sọ. Ẹ fi èyí kọ́ ọmọ ọdún méje nínú pálọ̀, kí wọ́n fi ṣeré. Ẹ so igun méjì mọ́ ara wọn, igun méjì tó kù mọ́ ara wọn, ó di àpò tí wọ́n á fi kó ohun ìṣeré. Ẹ ta á sẹ́yìn àga méjì, ó di ilé. Kò sí ọmọ tó máa ní òun ò fẹ́.

Irú aṣọ wo ni kẹ́ ẹ wá rà? Òwú ni kó jẹ́. Ayédèrú pọ̀ lọ́jà, polyester tí wọ́n tẹ ọnà àǹkárá sí, ó ń dán, ó sì dínwó. Kì í fa omi, kì í gba òógùn, ó sì máa ń yọ̀ bọ́ ní ìdí. Ẹ kán omi sí i: òwú á mu ún, polyester á jẹ́ kó ṣàn lọ. Tẹ́ ẹ bá ti rà á délé, ẹ fa òwú kan yọ létí ẹ̀, ẹ fi iná ràn án lójú ibi ìfọwọ́ ìdáná. Òwú gidi á jó di eérú, á sì rùn bíi bébà tó ń jó. Polyester á yọ́, á di kókó líle. Ẹ wo ẹ̀yìn aṣọ náà pẹ̀lú. Àǹkárá onída, ojú àti ẹ̀yìn ẹ̀ dọ́gba, kò sí ẹni tó máa mọ̀ tẹ́ ẹ bá ró o sódì. Adìrẹ Ìtòkú náà dára, ó tiẹ̀ rọ̀ ju àǹkárá lọ tẹ́ ẹ bá ti fọ̀ ọ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ fọ ọ́ lọ́tọ̀ nínú omi tútù, kí aró má baà sọ aṣọ ilé ìwé ọmọ di búlúù. Láti Woolwich tàbí Abbey Wood, ọkọ̀ ojú irin Elizabeth tó bẹ̀rẹ̀ ní 2022 á gbé yín dé Liverpool Street láì yí ọkọ̀. Ẹ fi ẹsẹ̀ rìn díẹ̀ dé Wentworth Street, níbi tí wọ́n ti ń ta aṣọ wa láti ìgbà pípẹ́. Petticoat Lane ni wọ́n ń pe àdúgbò yẹn, ìyẹn ni pé òpópónà yẹrì lẹ̀ ń lọ ra ìró.

Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ wa ò tiẹ̀ nílò láti rà. Aṣọ ẹbí wà nílé, yáàdì mẹ́fà mẹ́fà, tí a ò tíì rán. Gáùn kì í gbà ju yáàdì mẹ́rin lọ fún ọ̀pọ̀ èèyàn. Kẹ́ ẹ tó gbé e lọ sọ́dọ̀ télọ̀, ẹ gé yáàdì méjì kúrò, yáàdì méjì àtààbọ̀ tó bá jẹ́ pé ẹ lára díẹ̀. Ẹ ṣẹ́ etí ẹ̀ méjèèjì nínlẹ̀, kó má baà ya, kò sí nǹkan mìíràn tó nílò mọ́. Yáàdì mẹ́rin ni kẹ́ ẹ gbé fún télọ̀. Á ní kò tó, bí wọ́n ṣe máa ń wí náà nìyẹn. Ẹ ní kó gé ọwọ́ ẹ̀ kúrú.